Kábúrétọ̀ àti Jía: Bí A Ṣe Ń Wádìí Àìsàn Alùpùpù Àgbà

Alùpùpù, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ń fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ, agbéni-gba-ọ̀nà-oko-kọjá, arìnnà-tóóró-má-farakọ́gi: bí ó ti wù kí ẹnu ará ìlú kùn sí àwọn ọlọ́kadà tó, kò sí ìletò kan ní ilẹ̀ Yorùbá, láti Ṣakí títí dé Òkìtìpupa, tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́, nítorí òun ni ó ń gbé olóyún dé ilé ìgbẹ̀bí lóru, òun ni ó ń gbé kòkó wá sí ibi ìwọ̀n, òun kan náà ni tíṣà ń gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mọ́tò kì í dé. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí ń ṣiṣẹ́ ni í gbó, irin pẹ̀lú a sì máa darúgbó. Nígbà tí alùpùpù bá ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà, ẹ̀sùn méjì ni olówó rẹ̀ sáábà máa ń kó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì: èkíní ni pé kò fẹ́ gbéra mọ́, tàbí pé bí ó gbéra tán, a máa wúkọ́, a sì máa kú lójijì, èkejì ni pé jía kò wọlé, tàbí pé bí ó wọlé tán, a tún fò jáde.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyà tí kò tọ́ sí ẹ́ńjìnnì ni a ń fi jẹ ẹ́ńjìnnì. A ó tú u palẹ̀, a ó ra ohun èlò tuntun, a ó san owó iṣẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà kan tí ó dẹ̀, tàbí ihò kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ tí ó dí, ni ó fa gbogbo wàhálà náà. Èyí tí ó tún wá lọ́jú pọ̀ ni pé àrùn kábúrétọ̀ a máa gbé ẹ̀wù àrùn jía wọ̀, àrùn jía náà a sì máa ti ẹ̀bi rẹ̀ sí kábúrétọ̀ lọ́rùn, tí ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò fi máa wo orí fún ẹni tí inú ń run. Igi gọ́gọ́rọ́ má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: láti ìta ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò ti ná wa ní kọ́bọ̀, kí a tó ronú àtiwọ inú.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà jẹ́ àgbọ́sọ lásán, ẹ jẹ́ kí a fi alùpùpù kan pàtó ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1976 ni Honda CG125 jáde, a sì lè pè é ní àgbà láàrin àwọn alùpùpù tí ń bẹ lójú ọ̀nà wa. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe é ní Jàpáànù mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò gùn ún ní ilẹ̀ tí owó kò ti pọ̀ kò ní máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní àkókò, nítorí náà wọ́n pa ètò ẹ́ńjìnnì tí káámù rẹ̀ wà lókè tì, wọ́n lo ọ̀pá gbọọrọ méjì tí ń ti fáàfù láti ìsàlẹ̀, èyí tí kò tètè bàjẹ́, tí kò sì ṣòro fún mẹkáníìkì abẹ́ igi láti tún ṣe. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 124 cc, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ni ó sì ń tù ú lára. Ọdún kan náà ni Honda bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ìlú Manaus ní Bràsíìlì. Nígbà tí ó yá, àwọn ará Ṣáínà ṣe àwòkọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lóríṣiríṣi orúkọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí alùpùpù rẹ̀ kò jẹ́ Honda rárá fi lè máa gun ọmọ ìyá CG láìmọ̀. Ohun tí a ó sọ níhìn-ín kan gbogbo ìdílé náà, ó sì kan èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì àtijọ́ tí wọ́n ní kábúrétọ̀ kan àti jía tí a ń fi ẹsẹ̀ yí.

Kábúrétọ̀ ni ó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ jó. Gíráàmù epo bẹntiróòlù 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó tó gíráàmù 14.7 kí ó tó lè jó tán pátápátá; bí epo bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, sàlẹ́ńsà a máa tu èéfín dúdú, pílọ́ọ̀gì a sì kún fún èédú; bí afẹ́fẹ́ bá sì pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì a máa gbóná rékọjá ààlà, kò sì ní lágbára. Wilhelm Maybach, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí òun àti Gottlieb Daimler jọ ṣe ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan tí ń fi epo rìn ní 1885, òun náà ni ó gbé kábúrétọ̀ tí ń gba ihò tín-ín-rín tu epo sínú afẹ́fẹ́ jáde ní 1893, ọdún kan náà tí àwọn ará Họ́ńgárì méjì, Donát Bánki àti János Csonka, gba ìwé àṣẹ lórí tiwọn. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò le. Ẹ wo odò tí ó fẹ̀ tí ó sì ń rọra ṣàn: nígbà tí ó bá dé ibi tóóró láàrin àpáta méjì, eré ni í mú bọ ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí písítìnì ń fà ṣe ń sáré nígbà tí ó bá dé ọ̀fun kábúrétọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní tóóró. Ibi tí ó bá sì ti sáré jù, ibẹ̀ ni agbára tí ó fi ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ti dínkù jù, èyí ni ó sì ń jẹ́ kí epo gòkè wá láti inú agolo kékeré tí ó wà nísàlẹ̀, kí ó gba ojú jẹ́ẹ̀tì jáde, kí ó sì di ìkùukùu mọ́ afẹ́fẹ́. Inú agolo yìí ni fílóòtì ń gbé. Ó ń léfòó lórí epo, bí epo bá sì ti kún dé ìwọ̀n, a ti abẹ́rẹ́ kan sókè láti dí ẹnu ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kábúrétọ̀ ti dùn jù nìyí. Kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni epo ń gbà jáde. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń mí jẹ́jẹ́ láìjẹ́ pé a fún un níná, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní sílóò, jẹ́ẹ̀tì kékeré ni ó ń bọ́ ọ. Nígbà tí a bá fún un níná dé ìdajì, abẹ́rẹ́ gígùn tí ó so kọ́ ìlẹ̀kùn kábúrétọ̀ ni ó ń díwọ̀n epo fún un. Nígbà tí a bá sì fún un níná dé òpin, ọwọ́ jẹ́ẹ̀tì ńlá ni gbogbo iṣẹ́ kù sí. Nítorí náà, ìgbà tí àìsàn bá fara hàn ni ó ń sọ ibi tí àìsàn wà. Alùpùpù tí kò lè dúró ní sílóò, tí ó jẹ́ pé àfi bí a bá fa ṣóòkì ni ó tó lè mí, ṣùgbọ́n tí ń sáré geerege bí ó bá ti gbéra, jẹ́ẹ̀tì kékeré rẹ̀ ni kí a fura sí. Èyí tí sílóò rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n tí ń wúkọ́ tí ó sì ń fà sẹ́yìn nígbà tí a bá fẹ́ fi gun òkè, jẹ́ẹ̀tì ńlá rẹ̀ ni ó dí, tàbí kí epo má máa dé inú agolo tó bí ó ti yẹ. Èyí tí ń da epo sílẹ̀ láti ojú rọ́bà ìsàlẹ̀ nígbà tí ó dúró sójú kan, abẹ́rẹ́ fílóòtì rẹ̀ ni ó ti jẹ, tàbí kí ìdọ̀tí há sí ẹnu rẹ̀, tàbí kí fílóòtì fúnra rẹ̀ ti lu, kí epo sì ti wọ inú rẹ̀ tí kò fi lè léfòó mọ́: bí ẹ bá mì í lẹ́bàá etí tí ẹ gbọ́ epo nínú rẹ̀, òmíràn ni kí ẹ rà.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kábúrétọ̀, ó yẹ kí ó dá a lójú pé iná ń jó lẹ́nu pílọ́ọ̀gì, pé àlàfo ẹnu rẹ̀ wà láàrin mìlímítà 0.6 sí 0.7, àti pé epo ń dé ibi tí ó ń lọ. Ẹ yọ rọ́bà epo kúrò lára kábúrétọ̀, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sínú ìgò, ẹ ṣí kọ́ọ̀kì: epo gbọ́dọ̀ máa ṣàn láìdábọ̀. Bí ó bá ń kán tó-tó-tó, inú táńkì ti dípẹtà, ìdọ̀tí ìpẹtà sì ti dí àsẹ́ kọ́ọ̀kì. Bí ó bá ṣàn dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sì dáwọ́ dúró nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Mo rí irú èyí lábẹ́ igi fúrúùtù kan tí ó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù fún bàbá mẹkáníìkì kan. Nọ́ọ̀sì kan ti alùpùpù rẹ̀ dé, òógùn bò ó; ó ní bí òun bá gbéra kúrò nílé, yóò sáré dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kú sójú ọ̀nà, bí òun bá sì sinmi díẹ̀, yóò tún jí. Ọmọ iṣẹ́ bàbá náà ti kó sípánà jáde, ó ti dojú kọ kábúrétọ̀ láti tú u, ni bàbá dá a lọ́wọ́ kọ́. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣí ìdérí táńkì yín.” Bí ó ti yí i báyìí, a gbọ́ ìró afẹ́fẹ́, fììì, bí ó ti ń sáré wọ inú táńkì. “Ẹ gbá kíìkì rẹ̀.” Ìgbá ẹyọ kan, ó gbéra. Ihò ìmí ara ìdérí ni erùpẹ̀ ti dí. Bí epo ti ń dínkù nínú táńkì, kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò gba ipò rẹ̀, nítorí náà epo tí ó kù kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀. Bàbá já ọwọ̀ kan lára ìgbálẹ̀, ó fi yọ erùpẹ̀ náà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. “Èló ni kí n san, Bàbá?” “Ẹ bá mi wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi nígbà tí mo bá wá sí ọ̀dọ̀ yín.” Ọmọ iṣẹ́ náà rọra kó sípánà rẹ̀ padà sínú àpótí, ojú sì tì í díẹ̀.

Epo fúnra rẹ̀ tún lè jẹ́ ọ̀daràn. Epo tí a fi sílẹ̀ nínú kábúrétọ̀ fún oṣù mélòó kan a máa gbẹ di ohun tí ń lẹ̀ pẹ̀kípẹ̀kí, jẹ́ẹ̀tì kékeré ni ó sì ń kọ́kọ́ dí. Epo inú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, irú kpayo tí àwọn ọlọ́kadà Kútọnu àti Àjàṣẹ́ mọ̀ dunjú, a máa gbé omi àti iyanrìn wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí ìlànà gbà lọ wọ Nàìjíríà láti òkè òkun, tí ìjọba fi ní láti pàṣẹ pé kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Mẹ́tánọ́ọ̀lù a máa fa omi mọ́ra, a sì máa jẹ rọ́bà àti irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe kábúrétọ̀. Ó dára kí ẹni tí ń gun alùpùpù àgbà mọ ibi tí síkírúù ìdaminù wà nísàlẹ̀ agolo: bí ó bá tú u díẹ̀, tí ó sì gba epo tí ó jáde sínú ife tí ń dán, yóò rí omi tí ó yàgò fún epo, tí ó kó ara rẹ̀ jọ sí ìsàlẹ̀ ní rogodo. Ẹ má ṣe mu sìgá níbẹ̀ o.

Bí a bá ti yẹ gbogbo èyí wò tán tí àìsàn kò lọ, ìgbà náà ni a tó tú kábúrétọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko; síkírúù ara alùpùpù Jàpáànù àtijọ́ rọ̀, orí wọn sì yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Òyìnbó Yúróòpù bí ó tilẹ̀ jọ pé wọ́n jọra, ìdí nìyí tí síkírúdíráfà ọjà fi ń yọ̀ lórí wọn tí ó sì ń jẹ orí wọn. Ìka tí ó bá tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú: ẹ wá síkírúdíráfà tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n Jàpáànù, èyí tí ó wọ̀ ọ́ pẹ́kípẹ́kí, ẹ fi òòlù gbá ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ẹ tó yí i. Nígbà tí jẹ́ẹ̀tì bá sì jáde, ẹ gbé e sókè sí oòrùn kí ẹ wò ó. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí roboto, kí ìmọ́lẹ̀ sì gbà á kọjá. Mo bẹ ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má ṣe fi wáyà ìjánu gún un. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara jẹ́ẹ̀tì ń sọ ìwọ̀n ihò náà, irin líle a sì máa fẹ̀ ẹ́ ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ, tí alùpùpù yóò fi máa mu epo ní àmuyó láti ọjọ́ náà lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ìdí. Ẹ rẹ ẹ́ sínú bẹntiróòlù tí ó mọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọkàníìsà fẹ́ ẹ láti ìhà méjèèjì.

Lẹ́yìn tí a bá tò ó padà, síkírúù afẹ́fẹ́ ni ó kù láti tún ṣe: a ó yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi fara kan ìdí, láìfún un pọ̀, a ó sì yí i padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ìyí kan àbọ̀, lẹ́yìn náà kí a máa wá ibi tí ẹ́ńjìnnì ti mí dáadáa jù nígbà tí ó bá ti gbóná. Bí síkírúù náà bá wà ní ìhà àsẹ́ afẹ́fẹ́, yíyí i jáde ń fi kún afẹ́fẹ́. Bí ó bá wà ní ìhà ẹ́ńjìnnì, yíyí i jáde ń fi kún epo. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ni kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá sì gbé alùpùpù rẹ̀ láti Èkó lọ sí Jọ́ọ̀sì, tí ó fi ohun tí ó lé ní mítà 1,000 ga ju òkun lọ, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí èéfín bá dúdú díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ òkè fúyẹ́, epo a sì wá pọ̀ jù fún un. Pílọ́ọ̀gì ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́: imú rẹ̀ tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ń sọ pé àdàlù dára, dúdú gbígbẹ ń sọ pé epo pọ̀, funfun ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀, dúdú tí ó ń yọ̀ fún ọ́ìlì ń sọ pé ríìnì písítìnì tàbí fáàfù ti jẹ, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kábúrétọ̀ mọ́.

Àwọn ọlọ́kadà kan gbà pé bí a bá yọ àsẹ́ afẹ́fẹ́ dànù, alùpùpù yóò máa “mí” dáadáa. Èmi kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe ẹ́ńjìnnì ní oore kan. Wọ́n ti díwọ̀n jẹ́ẹ̀tì fún àsẹ́ náà. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, afẹ́fẹ́ a pọ̀ jù, eruku pupa ojú ọ̀nà wa a sì wọlé tààrà lọ máa jẹ ríìnì àti ògiri silíńdà.

Ọ̀rọ̀ wá kan jía. Nínú àpótí rẹ̀, eyín àwọn jía ń wọ ara wọn nígbà gbogbo. A kì í yọ ọ̀kan kí a tó fi òmíràn sí i. Ohun tí ẹsẹ̀ wa ń ṣe ni pé ó ń yí irin roboto kan tí wọ́n gbẹ́ ipa wíwọ́ sí lára. Ipa wọ̀nyí a máa ti fọ́ọ̀kì sí òsì tàbí sí ọ̀tún, fọ́ọ̀kì a sì ti jía kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí àwọn èékánná ara rẹ̀ yóò fi bọ́ sínú ihò ara èkejì. Bí èékánná kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ihò, jía kò ní wọlé. Ìdí nìyí tí alùpùpù tí ó dúró gbagidi fi lè kọ̀ láti bọ́ sí jía kejì láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe é: ẹ rọra tì í síwájú àti sẹ́yìn díẹ̀, yóò wọlé.

Nígbà tí jía bá ń ṣagídí ní tòótọ́, ìta ni kí a tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lè ti tẹ̀ nígbà tí alùpùpù ṣubú, kí ó máa kọlu ara ẹ́ńjìnnì kí jía tó wọlé tán. Eyín inú ihò rẹ̀ lè ti jẹ, kí ọ̀pá máa yí lásán lórí irin tí ó wọ̀. Ṣéènì lè le jù, kí ó máa fa àpótí jía sẹ́yìn. Gbogbo ìwọ̀nyí, ojú lásán ni a fi ń rí wọn. Lẹ́yìn wọn ni kílọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ dẹ̀ díẹ̀, ní ìwọ̀n mìlímítà 10 sí 20 ní ṣóńṣó rẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí fa wáyà. Bí ó bá dẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a fà á dé òpin síbẹ̀ àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì kò yàgò fún ara wọn tán: jía kìíní a wọlé pẹ̀lú ariwo gbààgà, alùpùpù a fẹ́ máa lọ bí a tilẹ̀ fa kílọ́ọ̀ṣì, fírì a sì di ohun tí a ń wá tì. Bí kò bá sì dẹ̀ rárá, àwọn àwo kò ní di ara wọn mú: ẹ́ńjìnnì a máa pariwo, ọ̀nà kò sì ní tán. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi í sí jía kìíní, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì ti alùpùpù: bí ó bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kílọ́ọ̀ṣì ń yàgò, bí ó bá wúwo gan-an, tí ó sì jẹ́ pé wáyà kò dẹ̀, àwọn àwo ti tẹ̀ tàbí kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, tàbí kí ilé wọn ti ní ojú ọgbẹ́ níbi tí etí àwo ń há sí.

Ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì àti jía jọ ń mu nínú CG, nǹkan bí lítà kan péré. Ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí wọ́n fi èròjà ayọ̀bọ̀rọ́ sí kí ẹ́ńjìnnì lè máa sáré láìfi epo ṣòfò. Irú rẹ̀ kò yẹ àwo kílọ́ọ̀ṣì tí ń luwẹ̀ẹ́ nínú ọ́ìlì, nítorí yóò máa yọ̀. Ẹ wo ara agolo fún lẹ́tà MA, tí ó fi hàn pé ọ́ìlì alùpùpù ni.

Mo sọ níṣàájú pé àwọn méjèèjì a máa pààrọ̀ ẹ̀wù wọ̀. Bí àpẹẹrẹ, ọkùnrin kan lè wí pé jía òun ti fọ́, nítorí pé ó ń dún gbààgà ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ bọ́ sí jía kìíní. Ẹ tẹ́tí sí sílóò rẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré jù nígbà tí ó dúró, jía kankan kò lè wọlé nírọ̀rùn, nítorí irin kan ń yí kíákíá, èkejì sì dúró. Rọ́bà tí ó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì lè ti la, kí afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀ wọlé láìgbàṣẹ. Ẹ ta omi ọṣẹ sí i yíká nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń mí, bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, ọwọ́ ti tẹ olè. Tàbí kí ó jẹ́ wáyà ọwọ́ iná ni ó le jù: ẹ yí ọwọ́ alùpùpù sí òsì, ẹ yí i sí ọ̀tún, bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré sí i bí ẹ ti ń yí i, wáyà náà ni. Ẹlòmíràn a ní kábúrétọ̀ òun kò dára, nítorí pé bí òun bá ti fi sí jía kìíní, ẹ́ńjìnnì a kú fin-ín. Wọ́n á tú kábúrétọ̀ náà, wọ́n á tún un tú, bẹ́ẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì tí kò yàgò ni ó ń fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn pa. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù, nítorí pé ní ìkọ̀kọ̀ ni ó ń ṣẹlẹ̀: abẹ́rẹ́ fílóòtì tí ó ti jẹ ń da epo sílẹ̀ lóru nígbà tí kọ́ọ̀kì wà ní ṣíṣí, epo náà ń gba ẹ̀yìn kábúrétọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìnì, ó sì ń po ọ́ìlì di omi. Ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì jáde, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá kún ju bí ẹ ti fi í sílẹ̀ lọ, tí ó sì ń rùn fún bẹntiróòlù, ẹ má ṣe gbé e rìn mọ́ títí ẹ ó fi dà á nù, tí ẹ ó sì tún kábúrétọ̀ ṣe, nítorí ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ kò lè dáàbò bo eyín jía kankan.

Àwọn àìsàn kan wà tí wọ́n jẹ́ ti inú ní tòótọ́, a kì í sì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí ọ̀pá ẹsẹ̀ kò bá padà sí ipò rẹ̀ lẹ́yìn tí a tẹ̀ ẹ́, sípíríǹgì rẹ̀ ni ó já tàbí tí ó yẹ̀. Bí jía bá ń wọlé ṣùgbọ́n tí kò dúró ní ipò rẹ̀ gbọingbọin, apá kékeré tí ń há irin roboto náà mọ́lẹ̀ lè ti dẹ̀. Inú ìdérí ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì, ni a ti ń rí àwọn méjèèjì lára CG, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà fún mẹkáníìkì tí ó bá ní òun gbọ́dọ̀ la ẹ́ńjìnnì sí méjì nítorí wọn. Ṣùgbọ́n jía tí ń fò jáde nígbà tí a bá ń gun òkè, pàápàá jía kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà, ó ti di ọ̀rọ̀ èékánná tí etí rẹ̀ ti jẹ tàbí fọ́ọ̀kì tí ó ti tẹ̀, kò sì sí ọ̀nà mìíràn ju kí a la ẹ́ńjìnnì lọ.

Iṣẹ́ Ògún Lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, ni iṣẹ́ yìí, kò sì gba wàràwàrà. Ẹ jókòó tì í bí ààyè bá wà. Ẹ ní kí wọ́n to jía náà sórí aṣọ funfun bí wọ́n ti ń jáde, ní títẹ̀lé ara wọn, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín pa etí èékánná wọn: èyí tí kò tíì jẹ ní igun tí ó mú, èyí tí ó ti jẹ a máa yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ ra jía tí ó bàjẹ́ pẹ̀lú èyí tí ń wọ̀ ọ́, kí tuntun má baà máa jìyà ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́. Ẹ ra gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀ ṣe àfikún rẹ̀ débi tí yóò fi já bọ́ sínú ọ̀nà ọ́ìlì. Ẹ rí i pé wọ́n fọ àsẹ́ ọ́ìlì tí ó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, àti ilé ìyípo tí ń gbá ìdọ̀tí jọ ní ẹnu irin ìyí, èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣí rárá. Lẹ́yìn tí alùpùpù bá ti rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan, kí wọ́n tún da ọ́ìlì náà nù sínú àwo funfun, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn nínú oòrùn: èérún irin wínníwínní tí ń dán díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe ohun ìjayà lẹ́yìn jía tuntun, ṣùgbọ́n bí èérún kan bá tóbi tó èyí tí ìka lè mú, kí wọ́n ṣí i padà ní ọjọ́ náà gan-an.